Ṣé irú ẹja clownfish méjì lè gbé inú àpótí gíláàsì kan náà?

Bí ẹ bá ti wo sinimá Finding Nemo tó jáde ní ọdún 2003, ẹ ó rántí ẹja kékeré aláwọ̀ ọsàn tó ní ìlà funfun mẹ́ta lára. Ẹja náà rẹwà, ara rẹ̀ sì le. Ìdí nìyí tí àwọn kan tó ń sin ẹja inú omi iyọ̀ fi máa ń ra pupa kan, dúdú kan àti aláwọ̀ ọsàn kan, tí wọ́n á kó gbogbo wọn sójú kan. Kì í sábà pẹ́ tí ìjà fi ń bẹ́ sílẹ̀.

Nǹkan bíi 30 ni irú ẹja clownfish tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì mọ̀. Òkun Íńdíà àti Pàsífíìkì ni ilé wọn. Kò sí ìkankan nínú òkun Àtìláńtíìkì tó wà létí ọ̀dọ̀ wa. Inú anemone ni wọ́n ń gbé, ẹ̀dá inú òkun kan tó dà bí òdòdó, ṣùgbọ́n tó ń jóni bí èsìsì. Ẹja kékeré mìíràn tó bá fara kàn án lè kú, àmọ́ ikun tó bo awọ clownfish ń dáàbò bò ó. Irú ilé bẹ́ẹ̀ kò pọ̀, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń ṣọ́ ọ bí ẹni ń ṣọ́ ilẹ̀ baba rẹ̀.

Abo ni olórí ilé

Akọ ni gbogbo clownfish kọ́kọ́ máa ń jẹ́ bí wọ́n bá dàgbà. Èyí tó tóbi jù lọ á di abo, òun ni olórí. Èyí tó tẹ̀lé e ni ọkọ rẹ̀, àwọn yòókù kì í bímọ. Bí abo bá kú, ọkọ rẹ̀ á di abo. Ká ní òótọ́ ni ìtàn Nemo, bàbá rẹ̀ ì bá ti di abo lẹ́yìn ikú ìyá rẹ̀; àwọn tó ṣe sinimá náà fo ibẹ̀.

Nínú òkun, ẹja tí abo bá lé á sá lọ. Nínú gíláàsì, kò sí ibi tí yóò sá sí. Ìrù rẹ̀ á ya, á máa fara pamọ́ sí igun kan lókè omi, kò ní jẹun mọ́, títí yóò fi kú.

Ní ọdún 2024, àwọn onímọ̀ ní ilé ìwádìí OIST ní Okinawa, lórílẹ̀èdè Japan, fi hàn pé ocellaris máa ń wo iye ìlà funfun ara àlejò: èyí tó ní ìlà mẹ́ta bíi tirẹ̀ ló máa ń kọlù jù. Ṣé àjèjì ló wá rọrùn láti bá gbé ni? Nígbà mìíràn, bẹ́ẹ̀ ni. Ní Papua New Guinea, irú méjì máa ń pín anemone kan náà. Ṣùgbọ́n abo maroon lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 15, ocellaris kì í sì sábà ju 9 lọ. Èmi ò ní fi àwọn méjèèjì sínú omi kan láé.

Bí ẹ bá fẹ́ gbìyànjú

Ocellaris àti percula ló rọrùn jù, nítorí mọ̀lẹ́bí tímọ́tímọ́ ni wọ́n. Wọ́n tilẹ̀ máa ń gun ara wọn, tí wọ́n á bí àdàmọ̀dì ọmọ. Ẹ ra wọn ní kékeré, kí ẹ sì kó wọn sínú omi lọ́jọ́ kan náà, kí ẹnikẹ́ni má baà kọ́kọ́ di onílé. Àpótí tó gba nǹkan bíi lítà 100 tó tọkọtaya kan. Irú méjì nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, pẹ̀lú òkúta láàárín tí wọn kò fi ní máa rí ara wọn. Èyí tí wọ́n sìn láti inú ẹyin ló dára jù, nítorí pé láwọn ibì kan ní Philippines àti Indonesia, májèlé cyanide ni àwọn apẹja kan fi ń mú ẹja òkun.

Bí ìjà bá bẹ̀rẹ̀, ẹ yọ èyí tó ń lu ẹlòmíràn sí àpótí ọ̀tọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Nígbà tó bá padà, òun ló máa wá di àlejò.