Báípólà láti ìgbà èwe títí dé ọjọ́ ogbó

Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ọ̀kan nínú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ pè mí ní àárọ̀ kùtùkùtù. Ó ní, "Prof, ẹ má bínú sà, ọ̀rọ̀ màmá mi ni." Màmá náà, ẹni ọdún 68, ti ń lo lítíọ́ọ̀mù fún báípólà láti nǹkan bí ogún ọdún, ara wọn sì balẹ̀. Ṣàdédé ni ọwọ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, tí wọ́n ń ta gbọ̀ngbọ́n bí ẹni tó mu ẹmu yó, tí ọ̀rọ̀ ń wọ́ lẹ́nu wọn. Àwọn ará ilé ní ogbó ló dé. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo bi í: "Oògùn tuntun wo ni wọ́n fi kún tiwọn?"

Ó ní dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ fún wọn ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan tó ń mú ni tọ̀ púpọ̀, àwọn fúnra wọn sì ń ra ibuprofen ní kẹ́místì nítorí orúnkún tó ń dùn wọ́n. Mo ní, "Gbé wọn lọ sí ọsibítù nísinsìnyí, má dúró de ọ̀la. Sọ fún wọn kí wọ́n wo iye lítíọ́ọ̀mù tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn."

Ó yẹ kí n ti kọ nípa nǹkan yìí tipẹ́. Ìmọ̀ oògùn ni mo fi ọdún 31 kọ́ yín, èmi kì í ṣe dókítà ọpọlọ, ṣùgbọ́n báípólà ti wà nínú ilé wa láti 1974.

Báípólà kì í ṣe pé kí inú ènìyàn dùn láàárọ̀ kó sì bàjẹ́ lálẹ́. Gbogbo wa là ń ṣe ìyẹn. Ìgbà ni àìsàn yìí ń pín ayé ẹni sí. Nígbà ìgòkè, èyí tó máa ń tó ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán, ènìyàn ò ní sùn, kò sì ní rẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ á máa tú jáde lẹ́nu rẹ̀ bí omi. Á ná owó tí kò ní. Á ní kò sí ohun tí òun ò lè ṣe. Nígbà ìwálẹ̀, tó lè gba ọ̀sẹ̀ méjì tàbí ọ̀pọ̀ oṣù, ohun gbogbo á sú u, títí kan ẹ̀mí ara rẹ̀. Láàárín méjèèjì ó lè pé pérépéré, kó máa ṣiṣẹ́, kó máa tọ́mọ. Àlàfo yẹn gan-an ló ń tan ènìyàn jẹ.

Àbúrò mi ọkùnrin jẹ́ ẹni ogún ọdún, ó wà ní ọdún kejì ní yunifásítì, nígbà tó fi owó ilé ìwé rẹ̀ ra bàtà fún àwọn ènìyàn tí kò mọ̀ rí. Ó ní òun ni yóò jẹ olórí orílẹ̀-èdè. Ilé wa pín sí méjì. Àwọn kan ní àfiṣe ni, wọ́n sì ń wo ìyàwó bàbá wa kejì tìfuratìfura, obìnrin tí kò ṣe nǹkan kan. Àwọn mìíràn ní wèrè ìran ni, nítorí ẹ̀gbọ́n bàbá wa kan. Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn, ó sì lo oṣù mẹ́rìnlá níbẹ̀ pẹ̀lú ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ lẹ́sẹ̀.

Mi ò bá oníṣègùn jà lórí ewé rẹ̀ o. Asòfẹ́yẹjẹ tí àwọn bàbá wa fi ń mú wèrè balẹ̀ ní reserpine nínú, èyí tí àwọn ọsibítù òyìnbó náà lò fún àwọn aláìsàn ọpọlọ ní àwọn ọdún 1950. Ó máa ń mú ara balẹ̀ lóòótọ́, ó sì lè fa ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ jù. Ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ ni mo bá jà.

Nígbà tó yá, àbúrò mi dákẹ́. Kò pariwo mọ́, kò jáde, á jókòó sójú kan láti òwúrọ̀ di alẹ́. Ìyá wa jó, a pa ewúrẹ́. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ló sọ fún mi pé ọ̀sẹ̀ tí a pa ewúrẹ́ yẹn gan-an ni òun ń rò bí òun ṣe máa pa ara òun. Ìdákẹ́jẹ́ tí a pè ní ìwòsàn, apá kejì àìsàn náà ni. Ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá rí irú rẹ̀, ẹ bi onítọ̀hún tààrà bóyá ikú ń wá sọ́kàn rẹ̀. Ìbéèrè yẹn kì í ki èrò ikú sí ènìyàn lórí.

Ọ̀rọ̀ ìran ńkọ́? Àwọn tó sọ bẹ́ẹ̀ ò jìnnà sí òótọ́. Nínú 100 ọmọ tí bàbá tàbí ìyá wọn ní báípólà, nǹkan bí 5 sí 10 ló lè ní in. Ó ju ti ará ìta lọ, ṣùgbọ́n ẹ kà á dáadáa: èyí tó pọ̀ jù ò ní ní in.

Láti nǹkan bí ọdún 15 sí 25 ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, ìgbà ìwálẹ̀ ló sì sábà máa ń kọ́kọ́ yọjú. Ewu wà níbẹ̀. Tí dókítà ò bá béèrè nípa ìgòkè, tó kan fún ọmọ náà ní oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì nìkan, oògùn yẹn lè gbé e fò sókè. Ti ọmọ kékeré tún yàtọ̀. Ní Amẹ́ríkà, láàárín 1994 sí 2003, iye ìgbà tí àwọn dókítà kọ báípólà sílẹ̀ fún àwọn ọmọdé fi ìlọ́po 40 pọ̀ sí i. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, ọmọ tí inú ń tètè bí lójoojúmọ́ ni. Ní 2013, àwọn dókítà ọpọlọ ibẹ̀ fún irú ìbínú bẹ́ẹ̀ ní orúkọ tirẹ̀. Ọmọ tó ń bínú lójoojúmọ́ ò rí bákan náà pẹ̀lú ọmọ tí ìwà rẹ̀ ṣàdédé yí padà fún ọ̀sẹ̀ kan.

Yorùbá ti ní orúkọ fún ohun tó ń ṣe abiyamọ: àbísínwín. Nínú ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìbímọ ló sábà máa ń dé, ó sì lè ṣe bí ọ̀kan nínú márùn-ún lára àwọn obìnrin tó ti ní báípólà tẹ́lẹ̀. Kí àwọn ẹbí ti mọ̀ kí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ tó pé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní ilé oògùn, ẹ má fi valproate fún ọ̀dọ́mọbìnrin bí ẹni ń tà súìtì: nǹkan bí ọmọ kan nínú mẹ́wàá tí ó bá a nínú oyún ni wọ́n ń bí pẹ̀lú àbùkù ara, ó sì ń pa ọpọlọ àwọn mìíràn lára. Kí aboyún má sì dá oògùn kankan dúró fúnra rẹ̀. Kó lọ bá dókítà.

Ẹ jẹ́ kí n wá padà sí lítíọ́ọ̀mù. John Cade, dókítà kan ní Australia, ló kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1949, lẹ́yìn tó ti fún aláìsàn mẹ́wàá tó wà nígbà ìgòkè. Iyọ̀ lásán ni, kò sí ilé iṣẹ́ tó lè sọ pé òun ló ni ín. Nítorí pé ó jọ iyọ̀ ọbẹ̀, kíndìnrín ò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Nígbà tí omi tàbí iyọ̀ bá dín kù lára, kíndìnrín á di iyọ̀ mú, á sì di lítíọ́ọ̀mù mú mọ́ ọn. Ìgbẹ́ gbuuru, àwẹ̀ gbígbẹ, òógùn inú oòrùn, oògùn tó ń mú ni tọ̀, gbogbo wọn ló lè gbé e sókè. Ibuprofen náà ń dí ọ̀nà àbájáde rẹ̀ nínú kíndìnrín. Ààyè rẹ̀ ò sì fẹ̀: 0.6 sí 0.8 ló dára fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, tó bá ti kọjá 1.5, ó ti ń di májèlé. Ìdí nìyẹn tí a fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ní wákàtí 12 lẹ́yìn oògùn tí ènìyàn lò kẹ́yìn, tí a sì ń wo kíndìnrín àti ẹṣẹ́ ọrùn tó ń jẹ́ táírọ́ìdì lóṣù mẹ́fà mẹ́fà.

Àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1977. Ọdún mẹ́fà ló fi wà dáadáa, ó gbéyàwó, ó ríṣẹ́. Ó wá ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ṣé mo ṣì nílò nǹkan yìí báyìí?" Èmi tí mò ń kọ́ni nípa oògùn ni mo ní kó dánwò. Oṣù mẹ́ta péré ni iṣẹ́ náà fi bọ́. Mi ò tíì sọ èyí ní kíláàsì rí.

Ní ọjọ́ ogbó, kíndìnrín ò lágbára bíi tàtijọ́, ìwọ̀n tó tọ́ ní ọdún 45 lè pọ̀ jù ní ọdún 68. Tí ìgòkè bá sì kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọdún 50, kí dókítà wá nǹkan mìíràn kó tó pè é ní báípólà: rọpárọsẹ̀, táírọ́ìdì, tàbí prednisolone tí wọ́n ń tà káàkiri fún oríkèé ríro.

Ti màmá yẹn, lítíọ́ọ̀mù ti pọ̀ jù lẹ́jẹ̀ wọn lóòótọ́. Wọ́n dá a dúró, wọ́n fa omi sí wọn lára fún ọjọ́ mẹ́rin. Wọ́n ti padà sílé pẹ̀lú ìwọ̀n tó kéré sí ti tẹ́lẹ̀ àti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mìíràn. Lánàá ni wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ wọn: "Ọ̀jọ̀gbọ́n, wọ́n ní kí ẹlẹ́jẹ̀ ríru má jẹyọ̀. Ṣé kí n yọ ọ́ kúrò lọ́bẹ̀?" Mo ní, "Ẹ má yọ ọ́ lójijì, mà. Ẹ jẹ́ kó wà bó ṣe ń wà títí ẹ ó fi bá dókítà sọ ọ́ lọ́jọ́ Tuesday, kí wọ́n lè mọ ìgbà tí wọ́n máa tún ẹ̀jẹ̀ yín yẹ̀ wò."