Epo, Ọ́ìlì àti Nọ́ọ̀kì: Èdè-Ìperí fún Àtúnṣe Alùpùpù Àtijọ́

Ní ojú ọ̀nà tí ó ti Ìkìrun gba Ìníṣà lọ sí Òkukù ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, alùpùpù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gùn lọ sí oko, ọjà àti ibi iṣẹ́. Orúkọ ẹ̀rọ yìí pàápàá kò ṣọ̀kan: alùpùpù ni ó wà nínú ìwé, máṣíìnì ni ó wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ àgbà, ọ̀kadà sì ni ti akérò, orúkọ tí a mú láti ara Okada Air, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú tí a dá sílẹ̀ ní 1983. Èyí kò pa ẹnikẹ́ni lára. Orúkọ tí ó ń ba nǹkan jẹ́ wà nínú ẹ́ńjìnì.

Oríṣi ẹ́ńjìnì méjì ni ó wà lára alùpùpù àtijọ́. Nínú èkíní, bí pístìnì bá gòkè tí ó sì sọ̀kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, púlọ́ọ̀gì yóò ti tanná lẹ́ẹ̀kan. Nínú èkejì, pístìnì yóò gòkè sọ̀kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí agbára tó jáde lẹ́ẹ̀kan. Nítorí pé ìrìn pístìnì ni a ń kà, onírìn-méjì àti onírìn-mẹ́rin bá wọn mu. Suzuki AX100 àti Jincheng tí ó jọ ọ́ jẹ́ onírìn-méjì. Honda Super Cub, tí ó jáde ní Japan ní 1958, àti Honda CG125 ti 1976 jẹ́ onírìn-mẹ́rin.

Ìyàtọ̀ yìí ni ó ń pinnu ibi tí ọ́ìlì ń gbé. Ní ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnì ni ti onírìn-mẹ́rin wà. Bí ó bá dúdú, a ó fà á dànù, a ó sì rọ tuntun. Ti onírìn-méjì ń bá bẹntiróòlù wọlé ni, yálà a pò ó mọ́ ọn nínú táńkì tàbí ó ní táńkì kékeré tirẹ̀, àwọn méjèèjì a sì jọ jóná. (Ti jíà wà lọ́tọ̀.) Bí atúmọ̀-èdè bá wá kọ ọ́ pé "da epo sí ẹ̀rọ", kí ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò dà? Ẹni tí ó bá fi bẹntiróòlù lásán wa onírìn-méjì yóò rí i pé pístìnì gbóná, ó wú, ó sì lẹ̀ mọ́ sílíńdà. Ó sàn kí epo dúró fún bẹntiróòlù, gẹ́gẹ́ bí ó ti wà nínú "ilé epo", kí ọ́ìlì sì pín sí méjì: ọ́ìlì àjótán àti ọ́ìlì àpààrọ̀.

Èéfín pẹ̀lú ní ìtumọ̀ méjì. Lára onírìn-méjì, èéfín tí ó fẹ́ jọ aró kò ju àmì pé ọ́ìlì ń jó, àfi bí ó bá pọ̀ jù. Lára onírìn-mẹ́rin, èéfín kan náà lè fi hàn pé òrùka pístìnì ti jẹ, tí ọ́ìlì sì ń yọ́ wọ inú iná. "Ó ń jẹ ọ́ìlì" ni mẹkáníìkì yóò wí. Kò sí ìdí tí a ó fi wá gbólóhùn mìíràn.

Ọ̀rọ̀ tí ó le jù ni nọ́ọ̀kì. Nínú ìwé ìmọ̀-ẹ̀rọ Gẹ̀ẹ́sì, ìró ni: ìró bí ìgbà tí ènìyàn ń kan ilẹ̀kùn, nígbà tí apá kan epo inú sílíńdà bá gbaná fúnra rẹ̀, tàbí tí bẹ́aríǹ bá jẹ. Ẹ́ńjìnì náà ṣì ń ṣiṣẹ́. Lẹ́nu mẹkáníìkì Nàìjíríà, ẹ́ńjìnì tí ó ti nọ́ọ̀kì ti kú. Ọmọ-iṣẹ́ tí ó bá kọ́ ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé yóò sọ pé máṣíìnì oníbàárà ń nọ́ọ̀kì, ọ̀gá rẹ̀ yóò sì ti máa ṣírò owó sílíńdà tuntun. Ìkànkùn yẹ fún ìró náà. Gígan yẹ fún èkejì, nítorí pé ohun tí ó gan kì í yí mọ́.

Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 kò kan ẹ̀rọ. Ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọgbọ́n ìkọ́ni ni ó dá lé. Ẹni tí ó bá ń tẹ̀lé ọ̀nà rẹ̀ lè fẹ́ pe sílíńdà ní odó, kí pístìnì sì di ọmọ odó. Àfiwé náà dùn létí, ṣùgbọ́n ọmọ odó kì í fún mọ́ ara odó, bẹ́ẹ̀ láìsí fífún mọ́ra yìí ẹ́ńjìnì kò ní agbára kankan. Òrùka ni ó ń dí àlàfo náà, nítorí náà òrùka yẹ ní lílò, odó kò yẹ.