Pákó Orí Ọkọ̀ Abẹ́ Omi

Irin ni Pampanito, ọkọ̀ abẹ́ omi ológun Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n pákó tíìkì, irú èyí tí àwa fi ń ṣe òpó iná, ni wọ́n tẹ́ sórí rẹ̀. Epo inú igi náà kì í jẹ́ kí omi tètè bà á jẹ́.

Ní September 12, 1944, òun àti Sealion yìnbọn lu ọkọ̀ Jàpáánì méjì, wọ́n sì rì. Wọn ò mọ̀ pé ẹlẹ́wọ̀n ogun, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì àti Ọsirélíà, ló kún inú wọn. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, Pampanito fa ènìyàn 73 tí epo ọkọ̀ bò lára sórí pákó yẹn.

Bí pákó irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá gbó, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ a máa fi gbẹ́ bírò àti àpótí. Ó dára. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó ń tà á má gbàgbé ìtàn rẹ̀, pàápàá ti àwọn tí wọn ò rí fà.