Ẹ Jẹ́ Kí Wọ́n Jọ Jókòó

Bí ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ bá dé, tí ìjọ yín ń kó àwọn ọ̀dọ́ lọ wo omi gbígbóná Ìkògòsì ní Èkìtì, ẹ wo inú bọ́ọ̀sì náà dáadáa. Ẹ ó rí ọmọ méjì tí wọ́n ń gba ipò kìíní mọ́ ara wọn lọ́wọ́ ní kíláàsì. Ọ̀kan wà níwájú, èkejì wà lẹ́yìn pátápátá. Ìwé wà lórí itan àwọn méjèèjì, kò sì sí èyí tó fẹ́ kọ́kọ́ pa tirẹ̀ dé.

Ilé ni wọ́n ti gbé e wá. Àwa òbí ni a máa ń bi ọmọ pé, ṣé orí méjì ni ẹni tó gba ipò kìíní ní? Láti ọjọ́ náà ni ọmọ yóò ti máa fi ìwé rẹ̀ pamọ́ fún ẹgbẹ́ rẹ̀. Ohun tí kò yé e, kò ní lè béèrè mọ́.

Ẹ ṣí Lúùkù orí kejì, láti ẹsẹ 41. Ọmọ ọdún 12 ni Jésù. Ẹnu ya àwọn olùkọ́ni nínú tẹ́ńpìlì sí òye rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó ń béèrè ìbéèrè lọ́wọ́ wọn ni. A máa ń wàásù lórí èyí púpọ̀. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí Jósẹ́fù àti Màríà fi rin odindi ọjọ́ kan kí wọ́n tó wá a? Wọ́n rò pé ó wà láàárín ẹbí àti ojúlùmọ̀ tí wọ́n jọ ń rìn ni. Ká ní ọmọ tó máa ń dá jókòó ni, ṣé ìyá rẹ̀ kò ní ti fura kí oòrùn tó kàn tàrí? Ẹsẹ 52 sì fi ojúrere lọ́dọ̀ ènìyàn kún ọgbọ́n rẹ̀. (Ìwé èsì ìdánwò náà ní àyè tí wọ́n ti ń kọ ìwà ọmọ sí, mélòó nínú wa ló ń kà á débẹ̀?)

Ìyá àwọn ọmọ Sébédè náà wá ipò fún tirẹ̀ lójú ọ̀nà Jerúsálẹ́mù, inú sì bí àwọn mẹ́wàá yòókù. Àwọn bàbá kò kúkú yàtọ̀.

Ẹ̀yin olùdarí ọ̀dọ́, ẹ gba ìwé lọ́wọ́ wọn kí ọkọ̀ tó gbéra. Ẹ fi àwọn méjèèjì sórí ìjókòó kan, kí wọ́n jọ jẹ gúgúrú àti ẹ̀pà. Bí ọ̀kan bá ṣi orin kọ, kí èkejì rẹ́rìn-ín, kí òun náà rẹ́rìn-ín. Ní Ìkògòsì, kí wọ́n jọ ti ẹsẹ̀ bọ ibi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé. Bí wọ́n bá délé lálẹ́, ẹ̀yin òbí, ẹ bi wọ́n pé ta ni wọ́n jọ jókòó.