Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde: Bí àwọn amòòkùn ṣe ń palẹ̀mọ́ kí wọ́n tó wọ òkun Bonaire

Òkun kì í hó ruru ká wà á ruru. Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà yìí ló yẹ kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lọ mòòkùn ní erékùṣù Bonaire fi sọ́kàn. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń lọ síbẹ̀ kì í gba ẹni tí yóò dì wọ́n lọ́wọ́ mú wọ inú omi, wọn kì í sì í wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí àárín òkun. Fúnra wọn ni wọ́n ń wa mọ́tò dé etí òkun, fúnra wọn ni wọ́n ń gbé sílíńdà afẹ́fẹ́ kọ́ ẹ̀yìn, ẹsẹ̀ wọn ni wọ́n sì fi ń rìn wọ inú omi. Ohun tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá gbàgbé sílé, òkun kò ní bá a mú un wá.

Bonaire wà nínú òkun Karíbíánì, ní nǹkan bíi kìlómítà 80 sí etí òkun Fẹnẹsúélà. Gígùn rẹ̀ kò ju nǹkan bíi kìlómítà 40 lọ, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ sì ju ẹgbẹ̀rún 25 lọ díẹ̀. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2010 ni ó ti di ìjọba ìbílẹ̀ àkànṣe lábẹ́ orílẹ̀-èdè Nẹ́dálándì, ṣùgbọ́n owó dọ́là Amẹ́ríkà ni wọ́n ń ná níbẹ̀ láti ọdún 2011. Kralendijk ni olú ìlú rẹ̀, Papiamentu sì ni èdè tí àwọn ọmọ ilẹ̀ náà ń bá ara wọn sọ.

Ìmòòkùn kì í ṣe ohun àjèjì sí àwọn tó dàgbà sí ẹ̀bá odò. Apẹja a máa mòòkùn láti tú àwọ̀n tó há sábẹ́ omi, ṣùgbọ́n èémí kan ṣoṣo tó fà sínú ló ń ná. Ti àwọn amòòkùn Bonaire yàtọ̀. Sílíńdà tí wọ́n ti rọ afẹ́fẹ́ kún ni wọ́n ń pọ̀n sẹ́yìn, wọ́n á wá fi rọ́bà kan sẹ́nu láti máa mí. Wọ́n á wọ awò tó bo ojú àti imú, aṣọ rọ́bà tó lẹ̀ mọ́ ara àti bàtà tó fẹ̀ bí ìrù ẹja. Wọ́n á sì so òjé mọ́ ìbàdí kí ara wọn lè rì.

Ohun tí wọ́n ń lọ wò

Iyùn ni wọ́n ń lọ wò. Iyùn tí àwọn ọba àti ìjòyè ń fi sọ́rùn, ara ẹ̀dá kékeré kan tó ń gbé inú òkun ni wọ́n ti ń rí i. Àwọn ìbátan ẹ̀dá náà ló wà ní Bonaire, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tibẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀. Wọn a máa kọ́lé lé ara wọn lórí fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, gẹ́gẹ́ bí ikán ṣe ń mọ òkìtì, títí ilé wọn yóò fi di odi ńlá lábẹ́ omi. Inú odi yìí ni ẹja oríṣiríṣi àwọ̀ àti ìjàpá òkun ń gbé.

Ní ọ̀pọ̀ ibòmíràn, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń dé ìdí iyùn. Ní Bonaire, ìṣísẹ̀ díẹ̀ sí ilẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ìlà oòrùn ni afẹ́fẹ́ ti máa ń fẹ́ wá ní ọ̀pọ̀ ọjọ́ nínú ọdún. Ilẹ̀ erékùṣù náà á sì dá a dúró, ìdí nìyẹn tí omi apá ìwọ̀ oòrùn fi máa ń pa rọ́rọ́. Apá ìlà oòrùn kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ìgbì ibẹ̀ a máa bì lu àpáta tagbáratagbára, kì í ṣe ibi tí àlejò ń dá wọ̀.

Ju ojúkò 50 lọ ni ènìyàn ti lè wọ omi láti orí ilẹ̀. Òkúta tí wọ́n kùn ní ọ̀dà aláwọ̀ ìyeyè, tí wọ́n kọ orúkọ ojúkò náà sí lára, ni wọ́n gbé sẹ́bàá ọ̀nà gẹ́gẹ́ bí àmì. Ọ̀kan ń jẹ́ 1000 Steps, ìyẹn Ẹgbẹ̀rún Àtẹ̀gùn. Àtẹ̀gùn tó wà níbẹ̀ kò pé 80, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti fi sílíńdà kọ́ ẹ̀yìn gùn ún padà sókè yóò mọ ìdí tí wọ́n fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Òmíràn ni Hilma Hooker, ọkọ̀ ojú omi tí gígùn rẹ̀ tó mítà 72. Wọ́n bá igbó tí wọ́n fi pamọ́ nínú rẹ̀, ó sì rì ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹsàn-án ọdún 1984. Ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ síbẹ̀ títí di òní, ní ìsàlẹ̀ tó jìn tó nǹkan bíi mítà 30.

Ẹni tó gbọ́n yóò ti jókòó ti máàpù nígbà tó ṣì wà nílé. Yóò pín àwọn ojúkò náà sí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, yóò fi èyí tó rọrùn ṣáájú, yóò sì fi èyí tó jìn sílẹ̀ di ìgbà tí ara rẹ̀ bá ti mọ omi náà. Yóò tún ní ibòmíràn lọ́kàn bí ojú ọjọ́ bá yí padà, nítorí afẹ́fẹ́ kì í fẹ́ sí apá kan láéláé. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1999, ìjì Lenny gba ìwọ̀ oòrùn wá, ó sì ba iyùn tó wà ní apá tí omi ti máa ń pa rọ́rọ́ jẹ́.

Ìṣirò afẹ́fẹ́

Ohun àkọ́kọ́ tí òkun ń béèrè lọ́wọ́ amòòkùn ni ìṣirò. Omi wúwo. Bí ènìyàn bá ti sọ̀ kalẹ̀ dé mítà 10, ìwúwo tó wà lára rẹ̀ ti di ìlọ́po méjì èyí tó wà lórí ilẹ̀. Ní mítà 30, ó ti di ìlọ́po mẹ́rin. Bí ìwúwo yìí ṣe ń pọ̀ sí i ni afẹ́fẹ́ inú sílíńdà ṣe ń yára tán. Sílíńdà tí ìbá tó ènìyàn fún wákàtí kan lójú omi yóò tó o fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú péré ní mítà 10. Ní mítà 30, kò ní ju ìṣẹ́jú márùn-ún dín lógún lọ.

Nítorí náà, àwọn méjì tó bá jọ ń lọ gbọ́dọ̀ fẹnu kò lórí ilẹ̀: báwo ni a ó ṣe jìn tó, ìṣẹ́jú mélòó ni a ó lò, èló ni yóò kù nínú sílíńdà kí a tó yíjú padà? Kò sí ẹni tó lè bẹ̀rẹ̀ irú àpérò bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú rọ́bà lẹ́nu. Wọ́n tún gbọ́dọ̀ wo ìhà tí omi ń ṣàn sí. Ibi tí omi ti ń bọ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ dojú kọ nígbà tí agbára ṣì wà, kí omi lè máa tì wọ́n bọ̀ wá sílé nígbà tó bá rẹ̀ wọ́n.

Àìkọ́wọ̀ọ́rìn ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà. Pé ènìyàn lọ láìgba amọ̀nà kò túmọ̀ sí pé kí ó dá lọ. Bí rọ́bà ẹnìkan bá bàjẹ́ lábẹ́ omi, ara sílíńdà ẹnìkejì ni yóò ti mí. Bí àwọn méjèèjì bá sì pẹ́ jù, ó yẹ kí ẹnìkan wà lókè tó mọ ibi tí wọ́n lọ àti wákàtí tó yẹ kí wọ́n dé. Ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú kan ni pé kí wọ́n sọ fún ẹni tó ni ilé tí wọ́n wọ̀ sí.

Àìsàn tó ń gbẹ̀yìn yọ

Ewu kan tún wà tí kì í hàn títí ènìyàn yóò fi jáde nínú omi. Nínú afẹ́fẹ́ tí gbogbo ènìyàn ń mí, nǹkan bíi ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ni náítírójìn. Lábẹ́ omi, ìwúwo òkun a máa tì í wọ inú ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara. Bí amòòkùn bá ń gòkè bọ̀ díẹ̀díẹ̀, náítírójìn náà yóò rọra jáde. Bí ó bá sáré gòkè, yóò hó nínú ara rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí mínírà ṣe ń hó nígbà tí wọ́n bá ṣí ìdérí ìgò lójijì. Oríkèé ara lè bẹ̀rẹ̀ sí í ro ènìyàn, ẹsẹ̀ lè kú, ẹ̀mí sì lè lọ sí i.

Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn amòòkùn pé kí wọ́n má ṣe gòkè ju nǹkan bíi mítà 9 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan, kí wọ́n sì dúró ní mítà 5 fún ìṣẹ́jú mẹ́ta kí wọ́n tó yọjú síta. Iyàrá àkànṣe wà ní Bonaire tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹni tí àìsàn yìí bá mú, ṣùgbọ́n owó kékeré kọ́ ni ìtọ́jú náà ń gbà. Adójútòfò tó mọ̀ nípa ìmòòkùn wà lára ohun tó yẹ kí arìnrìn-àjò rà kí ó tó kúrò nílé. Kí ó sì kọ nọ́ńbà ilé ìwòsàn sórí ìwé, kì í ṣe sínú fóònù nìkan.

Ìwé, owó àti mọ́tò

Láìsí káàdì tó fi hàn pé ènìyàn ti kọ́ṣẹ́ ìmòòkùn, wọn kò ní yá a ní sílíńdà. Bó tilẹ̀ ní káàdì, wọ́n á kọ́kọ́ ka òfin omi náà sí i létí, á sì mòòkùn lẹ́ẹ̀kan ní ibi tó rọrùn láti fi wo bí òjé rẹ̀ ṣe wọ̀n tó. Ọjọ́ kìíní kì í ṣe ọjọ́ ìgboyà.

Láti oṣù keje ọdún 2022, àgbàlagbà tó bá wá ṣe àlejò ń san owó orí ìwọ̀lú tó jẹ́ dọ́là 75. Owó ìtọ́jú ọgbà inú òkun tún wà lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Amẹ́ríkà lè wọ ọkọ̀ òfurufú láti Atlanta, àwọn tó wà ní Yúróòpù sì lè gba Amsterdam. Ẹni tó bá mú páspọ́ọ̀tù Nàìjíríà dání gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè nípa físà lọ́dọ̀ aṣojú ìjọba Nẹ́dálándì kí ó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, nítorí pé físà ti Karíbíánì yàtọ̀ sí ti Yúróòpù.

Mọ́tò akẹ́rù kékeré ni àwọn amòòkùn sábà máa ń yá láti fi kó sílíńdà. Àwọn olè mọ̀ pé ẹni tó wà lábẹ́ omi kò lè rí mọ́tò rẹ̀. Nítorí náà, wọ́n máa ń gba àlejò nímọ̀ràn pé kí ó má ṣe fi ohunkóhun tó níye lórí sílẹ̀ nínú mọ́tò, kí ó sì fi ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀ láìtì kí wọ́n má baà fọ́ gíláàsì. Páspọ́ọ̀tù, owó àti tíkẹ́ẹ̀tì, ilé ni kí wọ́n wà.

Iyùn náà ń ṣàìsàn

Kì í ṣe ẹ̀mí amòòkùn nìkan ló wà nínú ewu. Láti ọdún 1971 ni wọ́n ti fòfin de fífi ọ̀kọ̀ pa ẹja níbẹ̀, wọ́n sì dá ọgbà inú òkun náà sílẹ̀ ní ọdún 1979. Ó yí gbogbo erékùṣù náà ká, láti etí omi títí dé ibi tó jìn tó mítà 60. Ọkọ̀ kò gbọdọ̀ ju ìdákọ̀ró sílẹ̀ síbẹ̀. Wọ́n tún ka ìbọ̀wọ́ léèwọ̀, nítorí pé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá ṣófo kò ní fẹ́ di iyùn mú.

Síbẹ̀, ní oṣù kẹta ọdún 2023, wọ́n rí àìsàn kan níbẹ̀ tó ń bọ́ ẹran kúrò lára iyùn títí yóò fi ku egungun funfun. Florida ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí àìsàn yìí ní ọdún 2014. Iyùn tó ti wà kí bàbá ńlá ẹni tó bí ènìyàn tó dáyé lè kú láàárín oṣù díẹ̀. Wọ́n ti àwọn ojúkò kan pa fúngbà díẹ̀, wọ́n sì ní kí àwọn amòòkùn máa fi oògùn apakòkòrò fọ ohun èlò wọn. Ẹni tó ń lọ láìní amọ̀nà ni yóò béèrè ibi tó ṣí àti ibi tí wọ́n tì, òun ni yóò sì fọ ẹrù rẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò dúró tì í wò ó.

Ọjọ́ tó gbẹ̀yìn

Ìpinnu tó le jù nínú gbogbo ètò náà ni ti ọjọ́ ìkẹyìn. Òkè tí ọkọ̀ òfurufú ń gbé ènìyàn lọ a máa mú kí náítírójìn tó ṣẹ́kù nínú ara hó. Ẹni tó ti ń mòòkùn léraléra gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ó tó wákàtí 18, ó kéré tán, kí ó tó wọ ọkọ̀ òfurufú. Bí ọkọ̀ bá máa gbéra ní aago mẹ́ta ọ̀sán ọjọ́ Sátidé, kò gbọdọ̀ sí nínú omi mọ́ lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀. Àwọn tó mọ̀ ọ́n dáadáa a máa fi odindi ọjọ́ kan sílẹ̀. Omi lè pa rọ́rọ́ lọ́jọ́ náà, kí ó máa dán gbinrin bíi dígí, kí sílíńdà kan sì wà nílẹ̀ tí wọn kò tíì lò. Ẹ̀tàn ni.

Orí ilẹ̀ náà ní ohun tí ènìyàn lè fi ọjọ́ yẹn wò. Ní ìsàlẹ̀ erékùṣù náà, níbi tí wọ́n ti ń sọ omi òkun di iyọ̀, àwọn ahéré olókùúta kan wà tí wọ́n kọ́ ní nǹkan bí ọdún 1850. Àgbàlagbà kò lè nàró nínú wọn. Ibẹ̀ ni àwọn ẹrú, ọmọ Áfíríkà àti ọmọ ọmọ wọn, ń sùn sí nígbà tí wọ́n ń wa iyọ̀. Bí ọ̀sẹ̀ bá parí, wọn a fẹsẹ̀ rìn fún nǹkan bíi wákàtí méje lọ sí abúlé Rincon kí wọ́n lè fojú kan aya àti ọmọ wọn. Ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 1863 ni ìjọba Nẹ́dálándì tó fòpin sí oko ẹrú níbẹ̀. Ojúkò ìmòòkùn kan tó wà nítòsí ń jẹ́ Red Slave títí di òní, omi ibẹ̀ sì máa ń ṣàn kíkankíkan.

Àwọn tó rin ọ̀nà Rincon nígbà náà kò ní máàpù, wọn kò ní mọ́tò, ilé nìkan ni wọ́n ń wò. Ẹni tó bá lọ sí Bonaire lónìí láti gbádùn ara rẹ̀ kò ní àwáwí kankan. Bí ó bá ti ṣírò afẹ́fẹ́ rẹ̀, tí ó ní ẹnìkejì, tí ó sì mọ ọjọ́ tó yẹ kí ó fi omi sílẹ̀, yóò padà wá sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí fún àwọn ará ilé.