KẸ̀KẸ́ TÍ OWÓ OṢÙ Ń SAN
Ìwé ìlàlóye fún àwọn ará Ayewa àti àwọn ọmọ Òkun tó ń ṣiṣẹ́ oṣù nílé àti lẹ́yìn odi

Ìròyìn kan ló mú wa kọ ìwé kékeré yìí: àwọn ọmọ wa tó ń tọ́jú aláìsàn nílùú àwọn Gẹ̀ẹ́sì a máa sọ fún ará ilé pé ibi iṣẹ́ fún àwọn ní kẹ̀kẹ́ ológeere, pé ìjọba sì tún dárí owó orí jì àwọn nítorí rẹ̀, ará ilé a sì máa béèrè bóyá òótọ́ ni, àti bóyá irú rẹ̀ wà fún òṣìṣẹ́ tó jí ní Ayewa lówùúrọ̀. Ẹsẹ̀ gìrìgìrì kì í wọ́n nílé ańjọ̀fẹ́; ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ tí à ń wí yìí kì í ṣe ọ̀fẹ́, owó òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló ń rà á, ẹni tí kò bá sì mọ ìṣirò rẹ̀ lè bọwọ́ lùwé tán kó tó mọ ohun tó rà.

Kẹ̀kẹ́ kì í ṣe àlejò lọ́dọ̀ wa

Kẹ̀kẹ́ ológeere, ẹṣin irin tí kì í jẹ koríko, ti pẹ́ lójú ọ̀nà wa. Àgbàlagbà tó bá rántí ayé àwọn òyìnbó amúnisìn, nígbà tí ilẹ̀ wa ṣì wà nínú Ẹkùn Kàbà lábẹ́ ìjọba Ìhà Àríwá, kò ní ṣàì rántí akọ̀wé, tíṣà àti wolé-wolé tó gun Raleigh tí wọ́n rọ ní Nottingham, tàbí Hercules tí wọ́n rọ ní Birmingham, tó ń lu agogo fún ewúrẹ́ kó yàgò lọ́nà. Kì í ṣe pé gbogbo wọn ló ní owó rẹ̀ lápò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìjọba a máa yá òṣìṣẹ́ rẹ̀ lówó kẹ̀kẹ́, a sì máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù títí gbèsè yóò fi tán. Nítorí náà, kí owó oṣù máa san kẹ̀kẹ́ kì í ṣe ohun tí etí wa kò gbọ́ rí. Ohun tó jẹ́ tuntun nínú ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni bí ọ̀rọ̀ owó orí ṣe wọ inú rẹ̀.

Bí ètò àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń rìn

Òfin ìnáwó tí wọ́n ṣe ní Britain ní ọdún 1999 ló fìdí ètò tí wọ́n ń pè ní Cycle to Work múlẹ̀, kí àwọn ènìyàn lè dín ọkọ̀ wíwà kù, kí ara wọn sì le. Agbanisíṣẹ́ ni yóò ra kẹ̀kẹ́, akoto, iná àti àgádágodo rẹ̀. Òun ni yóò sì fi í háyà fún òṣìṣẹ́. Òṣìṣẹ́ ní tirẹ̀ yóò gbà kí wọ́n gé díẹ̀ lára owó oṣù rẹ̀ kí wọ́n tó ṣírò owó orí àti owó National Insurance (owó ìdójútòfò ìjọba wọn), tó fi jẹ́ pé ohun tó kù lẹ́yìn gígé nìkan ni ìjọba yóò bu tirẹ̀ nínú rẹ̀. Títí di ọdún 2019, ọ̀pọ̀ ibi iṣẹ́ kì í jẹ́ kí iye kẹ̀kẹ́ kọjá £1,000. Ìjọba wá là á yé wọn lọ́dún náà pé ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí àwọn tó fẹ́ kẹ̀kẹ́ oníná mànàmáná má baà dúró sẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ ká fi owó sójú ọ̀rọ̀. Ká ní kẹ̀kẹ́ kan jẹ́ £600, tí a pín in sí oṣù 12, £50 ni wọn yóò máa gé lóṣooṣù. Òṣìṣẹ́ tó ń san owó orí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún àti National Insurance ìdá 8 ìbá ti fi £14 nínú £50 yẹn fún ìjọba tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, £36 péré ni ọwọ́ rẹ̀ yóò fi dín lóṣù, £432 lọ́dún, tí èrè rẹ̀ yóò fi jẹ́ £168. Ṣùgbọ́n ọ̀gá tó ń san owó orí ìdá 40 àti National Insurance ìdá 2 yóò jèrè £252 lórí kẹ̀kẹ́ kan náà. Ẹni tó ń san owó orí jù ni ètò yìí ń tù lára jù.

Ọjọ́ tí kẹ̀kẹ́ di tiyín

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Nígbà tí oṣù 12 bá pé, háyà ló parí, kẹ̀kẹ́ kò tíì di ti òṣìṣẹ́. Tí ó bá fẹ́ gbà á, yóò san iye tí HMRC, ilé iṣẹ́ owó orí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, kà sí iye tí kẹ̀kẹ́ náà ṣì tó lọ́jà. Kẹ̀kẹ́ tí iye rẹ̀ tó £500 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n kà á sí lẹ́yìn ọdún kan, ìdá 7 lẹ́yìn ọdún 4. Èyí tí kò tó £500, ìdá 18 ni lẹ́yìn ọdún kan, ìdá 3 lẹ́yìn ọdún 4. Ẹ padà sí kẹ̀kẹ́ £600 wa: tí òṣìṣẹ́ kékeré yẹn bá kánjú gbà á lẹ́yìn ọdún kan, £150 ni yóò san, èrè £168 rẹ̀ yóò sì ku £18 péré, ṣùgbọ́n tí ó bá ní sùúrù di ọdún 4, tí ó sì ń gùn ún lọ láìsan háyà mìíràn, £42 ni yóò san, £126 yóò sì kù sí i lọ́wọ́. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ibi iṣẹ́ fi ń fa àkókò háyà gùn, tí wọ́n sì ń gba owó kékeré kan lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ní ìdógò, kí òun náà lè di owó ìkẹyìn nígbà tó bá yá.

Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ béèrè kí ẹ tó bọwọ́ lùwé

Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ẹ béèrè àwọn wọ̀nyí:

1. Ṣé owó iṣẹ́ mi kò ní rẹlẹ̀ ju iye tó kéré jù tí òfin là sílẹ̀? Òfin kò gbà kí gígé yìí sọ owó wákàtí kan òṣìṣẹ́ di ohun tó kéré sí i. Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wa tó ń tọ́jú arúgbó, tí owó wọn wà lójú ààlà yẹn gan-an, ni wọ́n ti tìtorí rẹ̀ dá padà lẹ́nu ọ̀nà.

2. Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ tí mo bá fi iṣẹ́ sílẹ̀? Nínú ọ̀pọ̀ ìwé àdéhùn, gbogbo owó tó kù ni wọn yóò yọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nínú owó oṣù ìkẹyìn, láìsí ẹ̀dín owó orí kankan lórí rẹ̀.

3. Tí olè bá gbé e ńkọ́? Olè ló gbé kẹ̀kẹ́, kò gbé gbèsè. Gígé yóò máa bá a lọ. Ẹ wádìí ẹni tí ìdójútòfò wà lọ́rùn rẹ̀.

4. Kí ni yóò fi owó ìfẹ̀yìntì mi àti owó ìsinmi ìbímọ ṣe? Níbi tí wọ́n bá ti ń ṣírò ìwọ̀nyí lórí owó oṣù lẹ́yìn gígé, àwọn náà lè dín kù.

5. Ṣé ibi iṣẹ́ ni n óò máa gùn ún lọ? Ìrìn àjò sẹ́nu iṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ ju ìdajì ìlò kẹ̀kẹ́ náà lọ. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ara rẹ̀, tí kò ní agbanisíṣẹ́, kò sí nínú ètò yìí.

Ní ilé wa ńkọ́?

Òtítọ́ ọ̀rọ̀ ni pé òfin owó orí Nàìjíríà ti ọdún 2025, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026, kò ka kẹ̀kẹ́ mọ́ ohun tí òṣìṣẹ́ lè yọ nínú owó rẹ̀. Ohun tó gbà kí a yọ kí a tó ṣírò owó orí ni owó ìfẹ̀yìntì, owó ìdójútòfò ìlera àti ti ẹ̀mí, owó àpò ilé gbígbé, èlé orí owó tí a fi kọ́ ilé tí a ń gbé, àti ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé tí a ń san, ṣùgbọ́n ìdá náà kò gbọ́dọ̀ ju ₦500,000 lọ. Kì í ṣe pé ìjọba wa kò mọ bí a ti ń fi owó orí tún ọ̀nà ìrìnnà ṣe: ọ̀nà oníkọnkéré tó ti Ọbajana wọ Kàbà, kìlómítà 43, owó orí tí ilé iṣẹ́ Dangote ìbá san ni wọ́n fi ṣe é. Owó orí ti tẹ́ ọ̀nà. Kò tíì ra ohun tí òṣìṣẹ́ yóò gùn lórí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe sunkún ohun tí kò ní ṣe wá lóore. Òfin tuntun yìí kò gba owó orí lórí ₦800,000 àkọ́kọ́ tí ènìyàn bá rí lọ́dún, ó sì dá ẹni tí owó oṣù rẹ̀ jẹ́ ₦70,000, iye tó kéré jù lábẹ́ òfin, sí pátápátá. Ẹni tí kò san owó orí kò ní owó orí tí a ó dárí rẹ̀ jì í. Tí a bá gbé ètò àwọn Gẹ̀ẹ́sì wá sí Ayewa lónìí bó ṣe rí, ẹni tó ń san ìdá 15 yóò jèrè ₦18,000 lórí kẹ̀kẹ́ tó bá jẹ́ ₦120,000. Ońṣẹ́ ọ́fíìsì àti ọlọ́dẹ, tí ẹsẹ̀ ń dùn jù, kò ní rí kọ́bọ̀.

Èyí tó bá wa mu ni èyí tí àwọn bàbá wa ti lò rí. Ẹ̀yin tí ẹ ní òṣìṣẹ́ lábẹ́ yín, ẹ lè ra kẹ̀kẹ́ fún wọn kí ẹ sì máa yọ owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láìgba èlé, pẹ̀lú ìwé àdéhùn tí òṣìṣẹ́ fi ìfẹ́ inú rẹ̀ bọwọ́ lù. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù yín lè ṣe bákan náà: ₦10,000 lóṣù fún oṣù 12 yóò san kẹ̀kẹ́ ₦120,000, ẹ wo èlé tí wọn yóò fi lé e kí ẹ tó gbà. Kí ẹ sì ra akoto àti iná mọ́ ọn lọ́jọ́ kan náà, nítorí ọ̀nà Ọbajana sí Kàbà tó dán yẹn, tírélà sìmẹ́ńtì ló ń sáré lórí rẹ̀ tọ̀sán tòru, awakọ̀ kì í sì í tètè rí kẹ̀kẹ́ tí kò ní iná.