Kí Ni Ó Ń Jẹ́ Láti Gbé Lórí Òkè?

Bí ẹ bá wo àdírẹ́sì àwọn mọ̀lẹ́bí yín ní Ìbàdàn, ó ṣeé ṣe kí ẹ rí "Òkè" níbẹ̀: Òkè-Àdó, Òkè-Bọ́lá, Òkè-Àrẹ. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Ìlú olókè ni Ìbàdàn, orí òkè àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé wà. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni ibi tí ilẹ̀ ti ń dà wá sísàlẹ̀, tí bọ́ọ̀lù ọmọdé kì í dúró lójú kan.

Lóde òní, ẹni tó bá ń wá ilé sórí òkè lẹ́yìn ìlú ń wá ìparọ́rọ́. Ó fẹ́ sá fún ariwo mọ́tò àti jẹnẹrétọ̀. Àwọn baba ńlá wa kò bá ti ìparọ́rọ́ lọ síbẹ̀. Ogun ni wọ́n ń sá fún. Ẹni tó wà lókè yóò ti rí ọ̀tá lọ́ọ̀ọ́kán kó tó dé, ọ̀tá náà yóò sì ti mí hẹlẹhẹlẹ kó tó gùn ún tán. Irú ààbò bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn Ẹ̀gbá rí lábẹ́ Olúmọ nígbà tí wọ́n bá Ṣódẹkẹ́ dé ibẹ̀ ní 1830. Abẹ́ òkúta ni wọ́n sá sí, ìyẹn ni ìlú wọn fi ń jẹ́ Abẹ́òkúta.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti hàn jù lójú tèmi ni Ìdànrè, ní ìpínlẹ̀ Òǹdó, kò jìnnà sí Àkúrẹ́. Àárín àwọn àpáta ńláńlá lórí òkè ni ìlú àtijọ́ wà. Ààfin Ọwá wà níbẹ̀, ilé ẹjọ́ wà níbẹ̀, àwọn Kìtẹ́ẹ̀nì tún kọ́ ilé ìwé síbẹ̀. Ìlú gidi ni, kì í ṣe ibi ìsásí ọjọ́ díẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò. Ìsàlẹ̀ ni oko wà. Ẹni tó bá kórè iṣu yóò rù ú gun òkè. Iyọ̀, epo, páànù tí wọ́n fẹ́ fi bo ilé, orí ènìyàn ni gbogbo rẹ̀ ń gbà dé òkè. Nígbà tí ogun ti tán, tí ọ̀nà mọ́tò ti dé, tí kòkó sì ti ń mówó wọlé, kí ni ènìyàn tún ń ṣe lókè? Nígbà tó yá, àwọn ará Ìdànrè sọ̀ kalẹ̀ wá tẹ ìlú tuntun dó sí ìsàlẹ̀ òkè. Ìlú òkè wá dákẹ́ rọ́rọ́. Ìparọ́rọ́ tí àlejò ń gbádùn níbẹ̀ lónìí, nítorí pé àwọn onílé ti lọ ni. Ó ti wà nínú àkọsílẹ̀ àwọn ibi tí Nàìjíríà fi sílẹ̀ fún UNESCO láti 2007, àwọn ọmọ ìlú sì ṣì ń gòkè lọ ṣe ọdún ìbílẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ débẹ̀ yóò gun àtẹ̀gùn tó lé ní 600. Ẹ ṣọ́ra fún ohùn ọ̀rọ̀ yìí o! Àtẹ̀gùn ni ohun tí a ń tẹ̀ láti gùn. Atẹ́gùn ni afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́. Ní Ìdànrè, ẹ ó gun àtẹ̀gùn títí ẹ ó fi rí atẹ́gùn.

Ìnira àtijọ́ ṣì kù díẹ̀ fún àwọn tó ń kọ́lé sórí òkè lẹ́yìn ìlú báyìí. Omi kì í fúnra rẹ̀ gun òkè, ẹ̀rọ ló gbọ́dọ̀ fà á. Tí òjò bá rọ̀ gan-an, àgbàrá a máa gbá ilẹ̀ lọ lẹ́bàá ìpìlẹ̀ ilé. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ tí ẹ̀gbọ́n kan ń yangàn pé ilé òun tutù minimini lókè, ẹ bi í léèrè omi.

Kì í ṣe gbogbo òkè ló jẹ́ òkè o. Bí ìyá yín bá ní "lọ bá mi mú un wá lókè," òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló ń wí. Òkè-òkun tí àwọn ará ilé ní ẹ ń gbé, òdìkejì òkun ni, bí ilé yín tilẹ̀ wà ní pẹ̀tẹ́lẹ̀. Ní ẹnu àwọn ará Èkó, "ìlú òkè" ni àwọn ìlú tó jìnnà sí etí òkun, ibẹ̀ ni aṣọ òkè ti gba orúkọ rẹ̀. "Ará òkè" náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n èébú ló sábà máa ń jẹ́: ẹni tí ojú rẹ̀ kò tíì là sí ọ̀ràn ìlú ńlá. Ẹ lè fi bá ọ̀rẹ́ yín ṣeré, ẹ má dán an wò lójú àgbà.